Ṣé o mọ̀? Abẹ gbẹ́rẹ́ ní Bẹẹrẹ, abẹ́rẹ́ aláìníhò láti Ṣáínà

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà fi ń tọ́jú ara kò ní ihò? Kò sí oògùn nínú rẹ̀, kò sí omi, kò sí nǹkan kan tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Irin gbọ̀ọ̀rọ̀ lásán ni. Bí wọ́n bá fà á yọ, ohun tó wọlé náà ló jáde.

Ẹni tó bá mọ ará Ìbàdàn dáadáa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, ẹni tí ara ń ro kì í fẹ́ kí wọ́n ní kó lọ sinmi. Abẹ́rẹ́ ló ń fẹ́. Nọ́ọ̀sì tó bá fún un ní oògùn oníhóró nìkan ti ṣẹ̀ ẹ́: "Wọn ò tiẹ̀ gún mi lábẹ́rẹ́!" Ẹ wá lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé abẹ́rẹ́ mẹ́wàá lẹ fẹ́ gún un lára, àti pé òfìfo ni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Iṣẹ́ tí ayé ń pè ní àkúpọ́ńṣọ̀ nìyẹn. Ní ọdún 2010, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé.

Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín débi pé ó ń tẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ kò ju mìlímítà 0.25 lọ ní ìnípọn. Abẹ́rẹ́ oníhò tí wọ́n sábà fi ń gúnni ní ìdí ní ọsibítù nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé òyìnbó kan wà tó sín gbẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 5,300 ọdún sẹ́yìn? Ní ọdún 1991, àwọn tó ń gun òkè fún ìgbádùn rí òkú ọkùnrin kan nínú yìnyín ní ààlà Ítálì àti Austria. Yìnyín kò jẹ́ kó jẹrà. Ötzi ni wọ́n sọ ọ́, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Bolzano títí di òní. Àpá mọ́kànlélọ́gọ́ta (61) ni wọ́n kà lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní wọ́n la awọ náà ni, àwọn mìíràn ní wọ́n fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un ni, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé èédú ni wọ́n fi pa á kí ó lè wọ ara. Ibo ni àwọn àpá náà wà? Ìbàdí, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀, ọrùn ọwọ́. Púpọ̀ nínú wọn wà níbi tí aṣọ máa ń bò, tí kò lè jẹ́ nítorí ẹwà. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀, wọ́n rí i pé eegun ìbàdí àti ti oríkèé rẹ̀ ti jẹ.

Ìyá àgbà kankan ní agbo ilé kan ní Bẹ́yẹrúnká kò nílò fọ́tò eegun láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Á wo ibi tí àpá wà, á ní làkúrègbé ni wọ́n ń wò fún ọmọkùnrin yìí.

Àwọn kan tiẹ̀ sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àpá Ötzi bọ́ sí ibi tí àwọn alábẹ́rẹ́ Ṣáínà máa ń gún fún ẹ̀yìn ríro. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá fẹ́ rí ìjọra kò ní ṣàìrí i, torí ibi tí wọ́n ń gún lára pọ̀ ju èyí tí wọn kì í gún lọ. Èmi wà pẹ̀lú àwọn ti ẹ̀yìn yìí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni èédú náà. Alábẹ́rẹ́ Ṣáínà kì í fi nǹkan kan sínú ojú abẹ́rẹ́. Oníṣègùn tiwa ló máa ń fi í.

Ṣé o mọ̀ pé gbẹ́rẹ́ ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ oníhò kí abẹ́rẹ́ oníhò tó dáyé? Ọdún 1853 ni Alexander Wood ní Edinburgh àti Charles Pravaz ní ilẹ̀ Faransé, olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbé abẹ́rẹ́ oníhò tó ń ti oògùn sábẹ́ awọ jáde. Kí ìyẹn tó dé, oníṣègùn Yorùbá ti mọ̀ pé oògùn tó bá gba ẹnu wọlé kì í dọ́gba pẹ̀lú èyí tó bá bá ẹ̀jẹ̀ pàdé. Wọ́n á kó ewé, egbò àti èèpo igi jọ, wọ́n á jó o nínú ìkòkò títí á fi dúdú, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ̀tù nìyẹn. Wọ́n á wá fi abẹ la ojú kéékèèké sí ara aláìsàn, wọ́n á fi ìka ra ẹ̀tù náà sí i kí ó tó gbẹ. Fún ẹ̀fọ́rí túúlu, ẹ̀bátí ni. Fún làkúrègbé, oríkèé tó ń dun ni. Ẹ̀yìn ríro, ìbàdí. Ti ejò àti àkeekèe, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń kanlẹ̀. Iye ojú gbẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú díwọ̀n: bí oògùn bá ní méje, méje ni, bí ó bá ní mẹ́rìndínlógún, ẹ jẹ́ kó pé.

Gbẹ́rẹ́ kì í ṣe ilà. Ilà wà lójú kí ayé lè rí i, kí wọ́n mọ ọmọ ẹni tí o ń ṣe. Samuel Johnson to oríṣiríṣi ilà ojú Yorùbá sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́ àti àwọn yòókù. Gbẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, ara ẹni tó ni ín ló mọ ohun tó wà fún. Ọ̀pọ̀ ló sì wà tí kò kan àìsàn rárá: gbẹ́rẹ́ àwúre, gbẹ́rẹ́ ìdáàbòbò, gbẹ́rẹ́ tí awakọ̀ sín nítorí ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò yàtọ̀, abẹ kan náà, ẹ̀tù dúdú kan náà lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Pierre Verger, ará Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá tó sì gba orúkọ Fátúnmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún gba oògùn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo. Ìwé rẹ̀, *Ewé*, jáde ní 1995. Bí o bá ṣí i, wàá rí i pé gbẹ́rẹ́ sísín ni òpin ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn inú rẹ̀: wọ́n á dárúkọ ewé, wọ́n á ní kí o jó o, kí o pe ọfọ̀ sí i, kí o fi sín gbẹ́rẹ́. Ìbàdàn pàápàá ni Una Maclean, dókítà tó ṣiṣẹ́ níbí, ti ṣe ìwádìí tirẹ̀ lórí àwọn oníṣègùn àti bí àwọn ará ìlú ṣe ń tọ́jú ara wọn. *Magical Medicine* ni orúkọ ìwé rẹ̀, ọdún 1971 ló jáde. Kò sí ìdí fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ìyá Ìbàdàn ń lò fún ọmọ ní àádọ́ta ọdún ó lé sẹ́yìn láti máa méfò.

Ṣé o mọ̀ pé àárín orí tí wọ́n ti ń sín gbẹ́rẹ́ fún adóṣù Ṣàngó, alábẹ́rẹ́ Ṣáínà náà mọ ibẹ̀? Baihui ni wọ́n ń pè é, ó wà ní àtàrí gan-an, wọ́n sì kà á sí ọ̀kan nínú àwọn ojú tó lágbára jù lára èèyàn. Ẹ̀fọ́rí, òòyì àti àìróorunsùn ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gún un. Ní tiwa, kì í ṣe nítorí ẹ̀fọ́rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lé òṣù sí kí òrìṣà lè gorí ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ní Bahia títí di òní, wọ́n ṣì ń sín orí ìyàwó òrìṣà, *adoxu* sì ni wọ́n ṣì ń pè é.

Ṣé o mọ̀ pé ẹrú kan láti Áfíríkà ló kọ́ àwọn òyìnbó Boston bí wọ́n ṣe ń la ara láti dènà ìgbóná? Onesimus ni wọ́n sọ ọ́. Ó wà lọ́dọ̀ Cotton Mather, àlùfáà ńlá kan. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ní ìlú òun, wọ́n máa ń la awọ apá, wọ́n á fi díẹ̀ nínú omi egbò ìgbóná sí i, ẹni náà á ṣàìsàn díẹ̀, kò sì ní kó ìgbóná mọ́ láéláé. Ó fi àpá tirẹ̀ hàn án. Nígbà tí ìgbóná kọlu Boston ní 1721, Mather bẹ àwọn dókítà. Zabdiel Boylston nìkan ló gbà. Àwọn ará ìlú bínú débi pé ẹnì kan ju àdó olóró wọ ilé Mather. Boylston la ara àwọn èèyàn tó lé ní 240, mẹ́fà ló kú nínú wọn. Nínú àwọn 5,889 tí ìgbóná mú fúnra rẹ̀, 844 ló kú.

Abẹ kan náà lè pa. Ọ̀gúntọ́lá Sàpárà, dókítà ará Èkó tí wọ́n bí ní 1861, wọ ẹgbẹ́ àwọn olóòṣà Ṣọ̀pọ̀ná, òrìṣà ìgbóná, ní bòókẹ́lẹ́ kó lè mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ohun tó gbé jáde ni pé àwọn kan ń ha èépá ara aláìsàn tọ́jú, wọ́n sì ń fi tan àrùn náà kiri. Ìjọba amúnisìn wá fòfin de ìsìn náà. Bí ìgbóná ṣe parí láyé, abẹ́rẹ́ ni. Irin kékeré tí ẹnu rẹ̀ là sí méjì ni wọ́n ń tì bọ àjẹsára, ẹnu méjèèjì á gbé ẹ̀kán oògùn kan dúró, wọ́n á wá fi gún awọ apá léraléra lójú kan. Ní 1980, àjọ WHO kéde pé ìgbóná ti tán ní gbogbo ayé. Àwọn àgbà tó ń ṣọjà ní Ọjà'ba ṣì ní àpá àjẹsára náà lápá, wọ́n a máa tò ó mọ́ gbẹ́rẹ́ wọn yòókù.

Ẹni bá fara balẹ̀ á rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn èèyàn gbà ń wo awọ ara. Oníṣègùn tiwa ń ṣí i kí nǹkan lè wọlé. Oníwo, ẹni tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀, ń ṣí i kí nǹkan lè jáde. Ará Ṣáínà ní kò sí ohun tó ń wọlé, kò sí ohun tó ń jáde, ohun tó wà nínú ara tẹ́lẹ̀ lòun fẹ́ jí. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí, tí wọ́n á ní gbẹ́rẹ́ ni àkúpọ́ńṣọ̀ ti Yorùbá. Ìgúnni nìkan ni wọ́n fi jọra.

Ṣé o mọ̀ pé ìwo màlúù jẹ́ irinṣẹ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn? Àwọn Hausa ló mú un wá. Láti 1916 tí Ṣábó ti di àdúgbò wọn, olóòlà wọn, tí wọ́n ń pè ní *wanzami*, ti ń gbé àpò rẹ̀ kiri: abẹ ìfárí, abẹ ìkọlà, àti ìwo. Wọ́n á gé ṣóńṣó ìwo, ihò á wà níbẹ̀. Ẹnu fífẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lé ẹ̀yìn, wọ́n á fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ láti òkè, wọ́n á dí ihò náà. Awọ á gbéra wọ inú ìwo. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣí i, wọ́n á fi abẹ là á wẹ́wẹ́, wọ́n á tún gbé ìwo lé e. Ẹ̀jẹ̀ á dà.

Àwọn Mùsùlùmí ń pè é ní hìjámà. Ó wà nínú hadíìsì pé Ànábì gbà á, wọ́n sì dá ọjọ́ 17, 19 àti 21 nínú oṣù ojú ọ̀run sọ́tọ̀ fún un. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń kírun ní Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ ní Ọjà'ba kò ka ìwo sí ìṣègùn Hausa, sunna ni lójú wọn. Lónìí, ife rọ́bà tó ní ìfàmù ni àwọn oníhìjámà ń lò. Bí wọ́n kò bá la awọ, àpá roboto pupa nìkan ló máa kù sí ẹ̀yìn. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Rio ní 2016, gbogbo ayé rí irú àpá bẹ́ẹ̀ ní èjìká Michael Phelps, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà tó gba góòlù márùn-ún lọ́dún náà.

Ẹ̀jẹ̀ dúdú tó dì nínú ife, èyí tí wọ́n máa ń fi hàn ọ́ pé "wo ìdọ̀tí ara ẹ," kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti kúrò nínú iṣan tó sì dúró lójú kan á dì, á sì dúdú, ì báà jẹ́ ti ọmọ ọjọ́ méje. Ó lè jẹ́ pé ara fúyẹ́ lẹ́yìn ìwo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ di ẹ̀gbin.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1929 tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè ni ìjọba Ṣáínà fúnra rẹ̀ fẹ́ pa ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà rẹ́? Àwọn dókítà tó ti kàwé òyìnbó ló gbé àbá náà lọ síwájú ìjọba, pé ìdènà ni fún ìlọsíwájú. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ya jáde, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì fi í sílẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 1822, ọba Daoguang ti lé abẹ́rẹ́ kúrò nínú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ààfin rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àwọn ará Ṣáínà kò fìgbà kan tijú ohun ìbílẹ̀ wọn kò tíì gbọ́ ìtàn yìí. Ìjọba Mao ló tún gbé e dìde lẹ́yìn 1949. Ní 1963, Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í rán ikọ̀ dókítà wá sí Áfíríkà, Algeria ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tó yá, wọ́n dé Togo àti Benin náà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gbọ́ ọ nípasẹ̀ ìfun àpọ̀jù. Ní July 1971, James Reston, oníròyìn *New York Times*, wà ní Beijing nígbà tí appendix, ìyẹn ìfun àpọ̀jù náà, mú un. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ìtàn tó ń lọ kiri títí dòní ni pé abẹ́rẹ́ Ṣáínà ni wọ́n fi mú kí ó má jẹ ìrora nígbà tí wọ́n ń là á. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oògùn apa-ìrora ti ọsibítù ni wọ́n lò. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni inú ń kún un, tí wọ́n wá gún abẹ́rẹ́ sí i ní ìgúnpá àti lábẹ́ orúnkún. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ààrẹ Nixon lọ sí Ṣáínà, ariwo abẹ́rẹ́ sì gba Amẹ́ríkà kan.

Ṣé o mọ̀ pé afọ́jú ló yí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ padà ní Jàpáàn? Sugiyama Waichi, tó gbé ayé láàárín 1610 sí 1694, kò ríran. Wọ́n ní ọ̀gá rẹ̀ lé e nítorí pé kò mọ abẹ́rẹ́ gún. Ohun tó wá gbé kalẹ̀ ni ọ̀pá ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan: wọ́n á gbé e lé awọ, wọ́n á ju abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n á fi ìka kan ta á lórí. Ó wọlé, kò dunni. Ọ̀pá yẹn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ alábẹ́rẹ́ ayé ń lò lónìí. Ọ̀nà ti Jàpáàn rọra ju ti Ṣáínà lọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín jù, kì í sì í wọlé jinlẹ̀. Ará Ṣáínà á máa yí abẹ́rẹ́ títí ìwọ náà á fi sọ pé ó ń wúwo, ó ń tani. Wọ́n ní àmì pé ó ti bá ibi tó tọ́ nìyẹn. Lójú tiwọn, ojú tó yẹ ní gígún jẹ́ 361, wọ́n sì wà lórí àwọn ọ̀nà tí agbára ń gbà káàkiri ara. Kò sí ẹni tó tíì rí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí nígbà tí wọ́n la òkú wò, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta.

Ti Faransé, etí ni. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà kan ní Lyon, Paul Nogier, ṣàkíyèsí pé àwọn aláìsàn kan tí ẹ̀yìn wọn ti san ní àpá iná ní etí, oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ló jó wọn níbẹ̀. Ó wá ya àwòrán ara èèyàn sínú etí bí ọlẹ̀ tó dorí kodò. Ti Kòríà, àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́ ni gbogbo ara wà. Àwọn kan ń so iná mànàmáná díẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́. Àwọn kan ń jó ewé gbígbẹ súnmọ́ awọ kí ooru rẹ̀ lè wọlé, ìyẹn sì mú mi rántí àṣà kan tí mo fẹ́ kó parẹ́ pátápátá nílùú wa: kí wọ́n máa ti ẹsẹ̀ ọmọ tí gìrì gbé bọ iná. Ewé Ṣáínà kì í sábà kan awọ. Ẹsẹ̀ ọmọ ń jóná.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Lincoln Hospital ní Bronx, ní New York. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ àti ọmọ Puerto Rico fipá gba ibẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa tọ́jú àwọn tí heroin ti sọ dẹrú. Abẹ́rẹ́ etí wá di ara ohun tí wọ́n ń lò. Ọ̀kan nínú àwọn alábẹ́rẹ́ ibẹ̀ ni Mutulu Shakur. Bí orúkọ yẹn bá ń dún létí rẹ, òun ni ọkọ ìyá Tupac, olórin.

Ní Ìbàdàn, ẹni tó ṣeé ṣe kó gún ọ lábẹ́rẹ́ aláìníhò lè má tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ agbára àti ọ̀nà rẹ̀. Àwọn fisiotẹ́rápì, tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ láti 1966, ní irú tiwọn: ibi tí ẹran ara bá ti dì kókó ni àwọn tó kọ́ ọ nínú wọn ń fi abẹ́rẹ́ gbígbẹ gún kí ó lè tú. Abẹ́rẹ́ kan náà ni, àlàyé ló yàtọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn? Ní 1998, Konrad Streitberger ní Jámánì gbé abẹ́rẹ́ kan jáde tí ẹnu rẹ̀ kò mú, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tì í mọ́ awọ, yóò wọ inú ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Aláìsàn á rò pé wọ́n ti gún òun. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń dán iṣẹ́ náà wò. Nígbà tí wọ́n pa ìwádìí lórí àwọn aláìsàn tó súnmọ́ 21,000 pọ̀ ní 2018, ohun tí wọ́n rí ni pé abẹ́rẹ́ tòótọ́ fi díẹ̀ dára ju ti ẹ̀tàn lọ fún ìrora tó ti pẹ́ lára, bí ẹ̀yìn, ọrùn, orúnkún àti ẹ̀fọ́rí. Ṣùgbọ́n àti tòótọ́ àti ẹ̀tàn ló dára ju kí wọ́n má gúnni rárá lọ. Nítorí náà, díẹ̀ nínú ìwòsàn náà wà lára abẹ́rẹ́, púpọ̀ wà lára pé ẹnì kan jókòó tì ọ́, ó fọwọ́ kàn ọ́, ó ní yóò san. Oníṣègùn tó ń pe ọfọ̀ sí ẹ̀tù kò ní ya ẹnu sí ìyẹn. Àwọn tó ń tọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà, NICE, kò gbà á fún ẹ̀yìn ríro ní 2016. Wọ́n gbà á fún oríṣi ìrora pípẹ́ kan ní 2021. Kò sí ẹni tó fi hàn pé ó ń wo ibà, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí jẹjẹrẹ. Bí alábẹ́rẹ́ bá ní kí o dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ dúró, dìde nílẹ̀.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá lọ? Wọn á bi ọ́ léèrè pẹ́ ju bí o ṣe rò lọ: oorun, oúnjẹ, ìgbọ̀nsẹ̀. Ti ìlànà Ṣáínà á ní kí o yọ ahọ́n, á wo àwọ̀ rẹ̀, á sì fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ. Wàá dùbúlẹ̀. Abẹ́rẹ́ márùn-ún sí ogún, nígbà mìíràn jìnnà sí ibi tó ń dùn ọ́. Wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sùn lọ. Ibi tí wọ́n gún lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí kó dúdú, òòyì lè kọ́ ọ bí o kò bá jẹun wá. Ìgbà kan kì í tó, wọ́n á ní kí o máa padà wá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ewu ńlá kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó wà: abẹ́rẹ́ tó bá jìn jù ní àyà lè lu ẹ̀dọ̀fóró. Bí o bá lóyún, tàbí o ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà, MDCN, ni òfin fún láṣẹ lórí iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé ẹ̀rí.

Ṣé o mọ̀ pé kòkòrò hẹpatáítìsì B lè wà láàyè lórí irin fún ọjọ́ méje, bí ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ tiẹ̀ ti gbẹ? Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló ní in. Ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀. Ẹ fi ìyẹn wo abẹ kan tí wọ́n fi sín bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin ní àárọ̀ kan náà, kí iṣẹ́ má baà fò ẹnì kan. Ọtí tí wọ́n dà sí i kò tó. Bíléèdì tuntun kò wọ́n, ẹni kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí o rí i nígbà tí wọ́n ń tú u nínú bébà. Ohun kan náà ni kí o wò lọ́wọ́ oníhìjámà àti alábẹ́rẹ́ Ṣáínà: àpò abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya lójú rẹ, tí wọ́n á sì jù nù. Ní ti ọmọdé, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àpá sí wọn lára. Púpọ̀ nínú àwọn òbí ní àárín ìlú kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ṣé o mọ̀ bí wọ́n ṣe ń dán akẹ́kọ̀ọ́ alábẹ́rẹ́ wò ní Ṣáínà àtijọ́? Ní nǹkan bí 1027, ọba pàṣẹ kí Wang Weiyi fi idẹ rọ ère ọkùnrin kan tó tó èèyàn ní gíga, kí ó dá ihò sí gbogbo ojú tó yẹ ní gígún. Wọ́n á rọ omi kún inú ère náà, wọ́n á fi ìda bo ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí ihò kankan. Ọ̀gá á dárúkọ ojú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti abẹ́rẹ́ bọ ibẹ̀. Bí omi bá tú, ó yege. Bí abẹ́rẹ́ bá kan idẹ, á lọ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.